Wọ́n Ní Ká Kọ́kọ́ Tọ́jú Èèyàn Ná

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ojú tí ará Kútọnu fi ń wo ẹran, kó má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè. Kó lọ dúró sí ẹsẹ̀ afárá tó gba orí ọ̀sà láti Akpakpa wọ Dantokpa, ọjà tí gbogbo wa ń pè ní Tokpa, láàárọ̀ kùtù, kó máa wo àwọn zẹ́míjàn, ìyẹn ọlọ́kadà ẹlẹ́wù yẹ́lò, tó ń kọjá. Adìẹ ni wọ́n so lẹ́sẹ̀ pọ̀ bí ìdì ẹ̀fọ́ mọ́ ọwọ́ alùpùpù, gbogbo wọn dorí kodò, ìyẹ́ wọn ń gbá táyà. Ẹnu wọn là sílẹ̀. Ọ̀kan á gbìyànjú láti gbé orí sókè. Á gbé e díẹ̀, ọrùn rẹ̀ á gbọ̀n, orí á tún já wálẹ̀. Òbúkọ tó tẹ̀ lé wọn wà lórí itan ẹni tí wọ́n gbé sẹ́yìn, wọ́n dè é tọwọ́ tẹsẹ̀, ìwo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ha ọkọ̀ tó bá sún mọ́ wọn jù.

Ẹni tó bá wá la ẹnu pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra ṣe é, ẹ̀mí wà lára nǹkan yìí o," èsì tó máa gbọ́ kì í yàtọ̀, ì báà jẹ́ lẹ́nu awakọ̀, ì báà jẹ́ lẹ́nu ìyá aládìẹ, ì báà jẹ́ lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìjọba tó wọ táì dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì: "Ṣé èèyàn ti jẹun yó tán ni, tá a fi máa wá ro ti adìẹ?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹni tó sọ̀rọ̀ náà á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìtìjú, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn, pé ká kọ́kọ́ tọ́jú èèyàn ná, ni mo fẹ́ bá jà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wòlíì. Ẹni tó ń sọ ọ́ máa ń rí ara rẹ̀ bí agbẹnusọ tálákà, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ń bi í léèrè ìdí ọ̀rọ̀. Ká wá tú u wò.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìlà wà lóòótọ́, pé èèyàn wà níwájú, ewúrẹ́ wà lẹ́yìn. Ọjọ́ wo ni èèyàn tó kẹ́yìn máa gba tirẹ̀ tán kó tó kan ewúrẹ́? Kò sí orílẹ̀-èdè kan láyé yìí tí ebi ti tán pátápátá níbẹ̀, títí kan àwọn tó lówó jù. Ìlà tí kò lè kan ẹni ẹ̀yìn láéláé, ẹ̀tàn ni. Àti pé kí lẹ ń rò pé èèyàn pàdánù nínú ọ̀rọ̀ náà? Omi tí olówó àgùntàn kò bù fún àgùntàn rẹ̀ lójú oòrùn ọ̀sán, ọmọ tálákà wo ló gbé e fún? Kò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn kọ̀ láti bù ú ni.

Ìjọba wa gan-an kò tẹ̀ lé ìlà yìí. Lọ́dún 2004 ni wọ́n kéde òfin 2002-16 tó ń dáàbò bo ẹran ìgbẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Lọ́dún 2021, òfin 2021-04 tún jáde lórí káràkátà àwọn ẹranko àti ewéko tó fẹ́ run láyé. Ní Pendjari, ní agbègbè Atakora lókè lọ́hùn-ún, láti ọdún 2017 ni àjọ African Parks ti ń bá ìjọba ṣàkóso igbó náà, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń gbé ìbọn kiri nítorí kìnnìún àti erin. Ní etíkun wa níhìn-ín, àjọ Nature Tropicale ń dáàbò bo ìjàpá òkun tó ń gòkè wá yé ẹyin sínú yanrìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣòfin erin, n kò gbọ́ kí ẹnì kan dìde pé ká dúró ná kí gbogbo èèyàn Atakora jẹun yó. Erin ń fa arìnrìn-àjò afẹ́ wá, ó ń fa owó ìrànwọ́ wá. Ewúrẹ́ Tokpa kò fa nǹkan kan ju okùn ọrùn rẹ̀ lọ.

Ẹran ọ̀sìn náà kì í ṣe aláìlófin pátápátá. Òfin 87-013 ti ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987 sọ̀rọ̀ lórí ẹran tó ń jẹ káàkiri, lórí ìṣọ́ ẹran ilé àti ìrìn àwọn darandaran. Òfin ìdaran tí wọ́n kéde lọ́dún 2019 wá fẹ̀ ẹ́ lójú sí i. Ìjà àgbẹ̀ àti Fúlàní ló wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì, ó sì hàn lára wọn: ọ̀nà tí agbo gbọ́dọ̀ gbà, oko tí màlúù jẹ, ta ni yóò sanwó. Wọ́n wúlò, ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n ń gbà là. Ṣùgbọ́n màlúù tó wà nínú irú òfin bẹ́ẹ̀, bí kò bá jẹ́ dúkìá ẹnì kan, ọ̀daràn tó jẹko ẹlòmíràn ni.

Ẹ tún jẹ́ ká bi àwọn "èèyàn ló kọ́kọ́" yìí nípa èèyàn náà gan-an. Nígbà tí òfin 2006-04 jáde lòdì sí kíkó ọmọdé kiri, tí òfin ọmọdé tún jáde lọ́dún 2015, tí ọ̀rọ̀ àwọn vidomègon, ìyẹn àwọn ọmọ tí òbí fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí wọ́n wá sọ di ẹrú inú ilé, di ohun tí gbogbo ayé ń sọ, kí ni àwọn kan wí ní Tokpa yìí kan náà? Wọ́n ní àṣà wa ni. Wọ́n ní òyìnbó ló ń dá wa láàmú. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ wá oúnjẹ fún àwọn òbí ọmọ ná. N kò fi ọmọ èèyàn wé ewúrẹ́ o. Ẹni tó bá kà mí bẹ́ẹ̀, àṣìkà ló kà. Mò ń wí pé gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni tí kò ní ẹnu láti fi gbèjà ara rẹ̀. Àwọn ilé tí mo ti rí ajá tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè láti àárọ̀ dalẹ́ láìsí omi níwájú rẹ̀, nínú irú wọn náà ni mo ti máa ń rí ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń jẹun kẹ́yìn, lórí ìnàró.

Èmi náà mọ ọ̀nà àbùjá tí àwọn tó ń gbèjà ẹran máa ń gbà. Wọ́n á ní: ẹ tọ́jú ẹran nítorí ara yín. Òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé dìgbòlugi ń pa nǹkan bí èèyàn 59,000 lọ́dún, pé nínú 100 èèyàn tó bá kó o, ajá ló kó o ran 99, àti pé bí ajá 70 nínú 100 bá gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kò ní rí ibi ràn mọ́. Ajá àdúgbò tí gbogbo wa ń lé, tí kò sí ẹni tó gbà pé òun ló ni ín, kò sí ẹni tó máa mú un lọ gbabẹ́rẹ́. Ọmọ ilé ìwé ló sì máa bù jẹ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní H5N1 wọ Kútọnu àti Adjarra. Ẹ sì lọ bi alápatà tó gbọ́n nípa màlúù tí wọ́n fìyà jẹ lójú ọ̀nà: agbára inú iṣan rẹ̀ á ti tán kí ọ̀bẹ tó kàn án, ẹran rẹ̀ á dúdú, á le, kò sì ní ní omi kíkan tó máa ń mú kí ẹran pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ní ìlú tí wọ́n ti ń tẹ́ ẹran sórí tábìlì láìsí yìnyín, ta ló ń jẹ èyí? Àwọn èèyàn tó kọ́kọ́ yẹn náà ni.

Ọ̀nà yìí dára, ó sì máa ń borí nínú àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbà á dé òpin, nítorí ó ní ibi tó ń jìn sí. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ìyà ẹran bá kàn wá nìkan ló kàn wá, adìẹ orí afárá yẹn kò ní ẹjọ́ kankan. Kò ní bu ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n á dúńbú rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n á fi se ọbẹ̀, ọbẹ̀ á sì dùn. Ìyà tó jẹ ẹ́ láti Akpakpa dé Tokpa, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gbangba: ó ń dùn ún, ìyẹn sì tó ẹjọ́. Adìẹ kò ní awọ tó pààlà sáàárín àyà àti ikùn bíi tiwa. Bí wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò, ẹ̀dọ̀, iwe àti ìfun á rọ̀ lé ibi tó fi ń mí. Kì í làágùn; ẹnu ló fi ń lé ooru jáde, ìdí nìyẹn tí ẹnu gbogbo wọn fi là sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí alùpùpù yẹn ni pé ẹran ń jà fún èémí nínú oòrùn Kútọnu, tí awakọ̀ sì ń fun fèrè. Ẹni tó bá sin adìẹ rí kò nílò kí dókítà ẹran ṣàlàyé èyí fún un. Ó mọ igbe tí àgbébọ̀ ń ké nígbà tí àṣá bá gbé ọmọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó yàtọ̀ sí èyí tó ń ké nígbà tó bá yé ẹyin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bá dé yìí ni wọ́n máa ń fa òyìnbó yọ. "Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé ajá sùn nìyẹn."

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ní London lọ́dún 1809, olóyè kan tó ń jẹ́ Erskine gbé àbá wá sí ilé aṣòfin pé kí wọ́n fòfin de ìwà ìkà sí ẹran. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àbá náà sì kú. Ọdún 1822 ni Richard Martin tó rí òfin gbà fún màlúù, ẹṣin àti àgùntàn, wọ́n fi òun náà ṣẹ̀fẹ̀. Títí di ọdún 1835, kò sí òfin tó ní kí wọ́n má so akọ màlúù mọ́lẹ̀, kí wọ́n tú ajá sí i, kí wọ́n máa ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀. Nílẹ̀ Faransé, òfin tí ọ̀gágun Grammont gbé kalẹ̀ lọ́dún 1850 ní kí ẹni tó bá fìyà jẹ ẹran ilé ní gbangba san owó ìtanràn fáráńkì 5 sí 15. Ní gbangba o. Ẹni tó bá fẹ́ na ẹṣin rẹ̀ pa, kó ṣáà ti ilẹ̀kùn. Ibi tí àwọn òyìnbó yìí dé lónìí, ìjà ni wọ́n fi dé ibẹ̀, wọ́n sì bá ẹni tó ń rẹ́rìn-ín pàdé lọ́nà gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń bá a pàdé.

Ẹ wá wo Wídà, tí ẹni tó bá wọkọ̀ níhìn-ín láàárọ̀ lè lọ kó sì padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọmọ ilẹ̀ Họ́lándì kan tó ń jẹ́ Willem Bosman, oníṣòwò ẹrú, tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1704 lórí etíkun wa yìí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá pa erè ní Wídà, ikú ló máa fi san án. Ó ní nígbà kan, ẹlẹ́dẹ̀ kan pa erè jẹ, ọba sì pàṣẹ pé kí wọ́n pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ inú ìlú. Ẹ̀rín ni Bosman fi ọ̀rọ̀ náà rín. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ kí Richard Martin tó lá àlá òfin kankan ní London. Títí dòní, erè tó bá jáde nínú tẹ́ḿpìlì Dangbé, òrìṣà erè, tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Wídà, tó sì wọ ilé ẹni ẹlẹ́ni lóru, wọ́n á fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé e padà síbi tó ti wá. Mo mọ̀ pé ìsìn ló bí òfin náà, pé kò sẹ́ni tó bi erè bóyá ara ń ro ó, àti pé àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ọjọ́ yẹn kò rí agbẹjọ́rò. Síbẹ̀, èrò pé ìlú lè sọ fún èèyàn pé "ọwọ́ rẹ kò gbọ́dọ̀ kan ẹran yìí" kò bá ọkọ̀ ojú omi dé. Àwọn ìdílé wa tó ní ẹran tí wọn kì í pa, tí wọn kì í jẹ, kò rà á lọ́wọ́ òyìnbó.

Bó bá sì jẹ́ ti òde òní ni wọ́n fẹ́, ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2024 ní Addis Ababa. Àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà fúnra wọn ló fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n má pa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nítorí awọ mọ́, awọ tí àwọn oníṣòwò ń kó lọ sí Ṣáínà láti fi ṣe oògùn. Nítorí kí ni? Nítorí pé níbi tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá ti tán, orí obìnrin ni omi àti igi ìdáná máa ń padà sí. Kò sí òyìnbó tó ń gbé ajá sùn ní ìjókòó yẹn.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti adìẹ inú yìnyín. Èbúté Kútọnu ló ń gbà wọlé láti Yúróòpù àti Brazil, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti fòfin dè é láti ọdún 2003. Èyí tó bá ti Yúróòpù wá nínú wọn, òfin 1/2005 ló sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ kó o lójú ọ̀nà nígbà tó wà láàyè; òfin 1099/2009 ló sọ pé kí wọ́n mú kó dákú kí wọ́n tó dúńbú rẹ̀, àfi tó bá jẹ́ ti ẹ̀sìn. N kò ní ayé adìẹ Yúróòpù dùn o. Inú ilé ńlá ni wọ́n ń há ọ̀pọ̀ wọn mọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójú kan, láti ọjọ́ tí wọ́n ti jáde nínú ẹyin títí dọjọ́ ikú. Ṣùgbọ́n òkú adìẹ tó gúnlẹ̀ sí èbúté wa ní òfin lẹ́yìn ju adìẹ alààyè tó ń kọjá lórí afárá lọ. Àwọn ará Kútọnu tó sì ń jẹ ẹ́, n kò tíì gbọ́ kí wọ́n pariwo pé àṣà òyìnbó há àwọn lọ́fun.

Nígbà tí ti òyìnbó bá já, ẹ̀sìn ni wọ́n máa ń sá dì mọ́. Wọ́n ní òfin ààbò ẹran fẹ́ gba ẹbọ lọ́wọ́ onífodún, pé ọjọ́ ọdún Vodun ní oṣù kìíní yóò di ọjọ́ àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn mùsùlùmí kan bẹ̀rù pé Iléyá ni wọ́n ń lé. Ẹ̀rù tí kò nídìí ni. Pípa ẹran yàtọ̀ sí fífi ìyà jẹ ẹ́ kó tó kú, àwọn ẹ̀sìn wọ̀nyí ló sì mọ ìyàtọ̀ náà jù. Ànábì pàṣẹ kí ẹni tó fẹ́ dúńbú ẹran pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ dáadáa kí ara lè tètè tu ẹran náà. Àgbò tó ń tiro, èyí tójú rẹ̀ fọ́, èyí tó ṣàìsàn, èyí tó rù kan eegun, kò yẹ fún Iléyá. Ẹ wá rò ó wò: àgbò tó ti Niger wá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán nínú ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n tà fún Alájì ní àdúgbò Zongo lálẹ́ tí iná kò mọ́lẹ̀, ta ló ba ọdún Alájì jẹ́? Nínú ẹbọ tiwa, wọ́n á mú ẹyẹ kan orí ẹni tó ń rúbọ, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀, wọ́n á rán an níṣẹ́. Èwo ni ìránṣẹ́ tí wọ́n ti so kọ́ sídìí alùpùpù láti àárọ̀, tó ti kú kó tó dé ojúbọ? Àwọn Kristẹni sì ní i nínú Ìwé Òwe, orí 12, pé olódodo ń ro ti ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn rẹ̀. N kò tíì gbọ́ ìwàásù kan lórí ẹsẹ yẹn ní Kútọnu. Bóyá kò mú owó ọrẹ wá.

Ibi tó ká mi lára jù ni kí wọ́n máa pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú títì yìí ní àṣà wa. Àṣà ta ni? Ìyá àgbà tó ń sin ewúrẹ́ ní Kétu tàbí Pọbẹ̀, ṣé bó ṣe ń ṣe é nìyẹn? Ó mọ èyí tó lóyún nínú wọn, ó mọ èyí tí inú ń run. Èèpo ẹ̀gẹ́ tó bá bó lónìí, àwọn ló ń jù ú sí. Bí òjò bá ṣú, yóò pè wọ́n wọ abẹ́ àtíbàbà, bí ọ̀kan kò bá wálé lálẹ́, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Bó bá fẹ́ gbé adìẹ lọ sọ́jà, inú àgò ló ń kó o sí, ó ń gbé e rù, adìẹ wà lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú àgò títí wọ́n fi dé ọjà. Ó ń na ewúrẹ́ nígbà mìíràn, ó sì ń pa á nígbà ọdún. N kò sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ló tọ́jú ẹran láti ìgbà tí wọ́n ti bí i títí dé ojú ọ̀bẹ, ojú kan náà ló ń wò ó. Bí ó bá rù, òun ni ojú ń tì.

Ẹ wá fi wé màlúù tó ń bọ̀ láti òkè. Darandaran tó sìn ín tà á fún alágbàtà ní Parakou. Alágbàtà tà á fún oníṣòwò. Oníṣòwò gbé e fún onítírélà. Onítírélà já a sílẹ̀ ní Kútọnu fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn alápatà. Ó lé ní 400 kìlómítà, èyí tó bá sì ti Malanville wá ti rìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Wọ́n kó wọn wọnú ọkọ̀ débi pé kò sí àyè láti yíjú. Èyí tó bá ṣubú, àwọn yòókù á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀; ọmọ ọkọ̀ á fò wọlé, á ká ìrù rẹ̀ mọ́ ọwọ́, á lọ́ ọ títí yóò fi dìde tàbí títí yóò fi hàn pé kò lè dìde mọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ta ló ni ìyà náà. Darandaran á ní òun ti tà á. Oníṣòwò á ní òun kò sí nínú ọkọ̀. Awakọ̀ á ní ẹrù ni wọ́n gbé fún òun. Alápatà á ní bó ṣe bọ́ sí òun lọ́wọ́ nìyẹn. Òótọ́ ni gbogbo wọn ń sọ, ìyẹn gan-an ni àbùkù rẹ̀.

Ojú ẹni tó sin ẹran ni òfin tó ń ṣọ́ ọ láyé àtijọ́. Ọ̀nà jíjìn àti ọwọ́ púpọ̀ ti mú ojú yẹn kúrò, a kò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Ìlú ńlá ló bí ìwà ìkà tí à ń rí ní Kútọnu, kì í ṣe baba ńlá wa. Ìlú ńlá náà sì ní ohun tó máa fi ń ṣe iṣẹ́ ojú ẹni tó bá jìnnà, ìyẹn òfin àti òṣìṣẹ́ tó ń mú un ṣẹ. Àwa tí a kọ́ bí a ṣe ń sin ọ̀yà inú igbó nínú ilé láti àwọn ọdún 1980, tí àwọn ará Jámánì bá wa dá sí i, tí àgbẹ̀ wa mọ̀ pé bí ìpayà bá ti pọ̀ jù fún ọ̀yà, kíkú ló máa ń kú, ẹ má sọ fún mi pé a kò mọ ohun tí ẹran ń fẹ́.

Irú òfin wo? Ẹ má jẹ́ kí a ṣe tàwọn aládùúgbò wa. Nàìjíríà ní in: abala 495 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wọn ka ẹni tó bá na ẹran nínà ìkà, tó di ẹrù tó pọ̀ jù lé e, tó dá a lóró, sí ọ̀daràn, oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n tàbí owó ìtanràn náírà 50. Náírà 50 kò ra ẹyin adìẹ kan ní Èkó lónìí. Ọlọ́pàá wo ló máa gbé gègé nítorí ìyẹn? Òfin tí owó rẹ̀ ti kú, òun náà ti kú, wọn kò kàn tíì sin ín ni.

Wọ́n á ní tálákà ni òfin máa mú, pé zẹ́míjàn tó ń wá ọgọ́rùn-ún fáráńkì díẹ̀ ni ọlọ́pàá máa dá dúró, táá sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí nìkan ló jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi nínú gbogbo àwíjàre wọn, mo sì gbà á. Nítorí náà kí òfin má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ zẹ́míjàn. Kó bẹ̀rẹ̀ níbi tí owó wà: lọ́dọ̀ olówó tírélà, lọ́dọ̀ ẹni tó ni agbo ní Parakou, lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́jà adìẹ ńláńlá tó lè ra àgò kí wọ́n sì kọ̀ láti tà fún ẹni tí kò mú àgò wá. Iye màlúù tó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ kan, iye wákàtí tó gbọ́dọ̀ rìn kó tó sọ̀ kalẹ̀ mumi, kò ṣòro láti kọ sínú ìwé. Ìjọba tó fọ́ ìsọ̀ ẹ̀bá títì káàkiri Kútọnu ní oṣù kìíní ọdún 2017, tó sì tún ṣe òfin 2017-39 lòdì sí àpò ọ̀rá lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba bẹ́ẹ̀ kò lè sọ fún wa pé apá òun kò ká tírélà màlúù. (Bí wọ́n ṣe fọ́ àwọn ìsọ̀ yẹn ṣì ń dun ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà títí dòní, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè ní wọn kò ní agbára.)

Ta ló máa wá ṣọ́ ọ? Àwọn tó máa ṣọ́ ọ wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Ní ilé ìpẹran, òṣìṣẹ́ ìlera ẹran máa ń dúró ti òkú màlúù tí wọ́n gbé kọ́, á la ẹ̀dọ̀, á wo ẹ̀dọ̀fóró bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ wà níbẹ̀, á tẹ òǹtẹ̀ lé ẹran. Ìjọba ló ń san owó oṣù rẹ̀. Ó mọ màlúù tí wọ́n lù, nítorí ọgbẹ́ abẹ́ awọ kò ṣeé fi pamọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò sí fọ́ọ̀mù kankan tó ní ibi tó máa kọ ọ́ sí. Ẹ fún un ní fọ́ọ̀mù náà, kí orúkọ olówó ọkọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ wà lórí rẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún un pé láti ọ̀la lọ, níbi tí tírélà ti ń ṣílẹ̀kùn ni kó ti máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.